Bí A Ti Lọ Gbá Gọ́ọ̀fù ní Erékùṣù Hilton Head

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí a bá dárúkọ gọ́ọ̀fù, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò wí pé, "Eré àwọn òyìnbó àti àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni èyí, kí ni ó kàn wá níbẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èmi náà máa ń wí tẹ́lẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà, n kò fi ọwọ́ kan ọ̀pá gọ́ọ̀fù rí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rẹ́ kan tí ó ń ta aṣọ ní Gbági, ní Ìbàdàn, tí eré náà ti wọ̀ lẹ́wù. Kò sí ọjọ́ Sátidé tí ẹ lè bá Alhaji nílé. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ń gbé ní Atlanta, ní Amẹ́ríkà, ránṣẹ́ pé kí bàbá òun wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Alhaji bi í: "Ǹjẹ́ pápá gọ́ọ̀fù wà nítòsí yín?"

Ọmọ náà dáhùn pé erékùṣù kan wà létí òkun tí ó jẹ́ pé bí ènìyàn bá sọ òkúta sókè níbẹ̀, orí pápá gọ́ọ̀fù ni yóò bọ́ sí. Alhaji ní dandan ni kí èmi náà bá òun lọ, kí n máa kọ iye ìgbà tí òun bá gbá bọ́ọ̀lù sílẹ̀, nítorí pé òun kò gbẹ́kẹ̀ lé ìṣirò ọmọ òun. Báyìí ni mo ṣe di akọ̀wé gọ́ọ̀fù lọ́jọ́ ogbó mi.

Hilton Head ni orúkọ erékùṣù náà. Ìpínlẹ̀ South Carolina ni ó wà, ní etí òkun Àtìláńtíìkì. Láti Atlanta, ó tó bí wákàtí márùn-ún nínú mọ́tò. Láti ìlú Savannah, tí ó ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, kò tó wákàtí kan àbọ̀. Gígùn erékùṣù náà tó máìlì 12, ìbú rẹ̀ tó máìlì 5, ó sì rí bí bàtà tí ènìyàn bọ́ sílẹ̀. Orúkọ ọ̀gákọ̀ kan, ará England, William Hilton, tí ó gba ibẹ̀ kọjá ní 1663, ni wọ́n fi ń pè é. Ooru ibẹ̀ kò ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá rárá. Nínú oṣù July àti August, òógùn ni ènìyàn ń fi wẹ̀, òjò sì lè dé lọ́sàn-án gangan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀fọn wà níbẹ̀, igi tí ó jọ ọ̀pẹ wà níbẹ̀, àwọn igi ńláńlá mìíràn sì wà tí ohun kan bí irùngbọ̀n arúgbó ń rọ̀ dirodiro lára ẹ̀ka wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ gbádùn gọ́ọ̀fù níbẹ̀, ẹ lọ ní April tàbí May, tàbí kí ẹ dúró di October. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé láti June títí dé November ni ìjì ńlá máa ń jà ní etí òkun náà. Ní October 2016, ìjì tí wọ́n pè ní Matthew wó igi lulẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ lórí erékùṣù yìí.

IHÒ MÉJÌDÍNLÓGÚN

Fún àǹfààní ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ihò 18 ni ó máa ń wà ní pápá kan. Láti ibi kan tí wọ́n fi àmì sí ni ẹ ó ti fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan, ẹ ó sì máa tẹ̀ lé e títí yóò fi wọ inú ihò. Àyíká ihò náà, níbi tí koríko ti fẹ́lẹ́ bí rọ́ọ̀gì, ni wọ́n ń pè ní gíríìnì. Ẹni tí iye ìgbà tí ó gbá bọ́ọ̀lù bá kéré jù ni ó borí. Mo sọ fún Alhaji pé ó yà mí lẹ́nu pé oníṣòwò lè fẹ́ràn eré tí ẹni tí tirẹ̀ kéré jù ti ń borí. Kò rẹ́rìn-ín.

Pápá tí ó wà lórí Hilton Head àti nítòsí rẹ̀ ju ogún lọ. Ẹ kò lè gbá gbogbo rẹ̀ tán nínú ìsinmi kan, kò sì yẹ kí ẹ dán an wò. Alhaji yan mẹ́ta.

Palmetto Dunes ni a ti bẹ̀rẹ̀. Pápá mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tí ó ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń pè é: Robert Trent Jones, George Fazio àti Arthur Hills. Ti Robert Trent Jones ni mo lè gbà yín níyànjú pé kí ẹ kọ́kọ́ gbá, nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀, kì í fi ojú àlejò gbolẹ̀. Ihò kẹwàá rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ ó gbá bọ́ọ̀lù lọ tààrà sí ìhà òkun, bí ẹ bá sì dé gíríìnì, ẹ ó rí òkun Àtìláńtíìkì fúnra rẹ̀ níwájú yín, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ sí yín lójú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí àwọn ìwé ìpolówó kì í sọ. Ẹni tí ó bá rò pé etí òkun ni òun yóò ti máa gbá bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ yóò ṣìnà. Àárín igi àti ọ̀sà kéékèèké ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ pápá Hilton Head wà. Òkun kì í yọjú sí wọn ju ibi kan tàbí méjì lọ. Ní Palmetto Dunes nìkan, omi tí ó ń ṣàn kọjá láàrin ilé àti pápá tó máìlì 11 ní gígùn. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni Alhaji fi ṣe sàráà fún omi yìí lọ́jọ́ kìíní.

Nígbà tí ìkeje wọ inú koríko etí omi, tí ó fẹ́ lọ mú un, ọmọ rẹ̀ di apá rẹ̀ mú. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ohun tí ó dùbúlẹ̀ níbẹ̀ un kì í ṣe igi." Álígétọ̀ ni, ẹbí ọ̀nì tiwa. Wọ́n pọ̀ nínú àwọn omi ibẹ̀. Wọn a máa sá fún ènìyàn, ṣùgbọ́n ní August 2018, ọ̀kan pa obìnrin kan nítòsí pápá gọ́ọ̀fù lórí erékùṣù yìí, nígbà tí ó ń gbìyànjú láti gba ajá rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí ó bá bọ́ sí etí omi ti di ti aláìníyàn, ẹ má ṣe lọ mú un.

Port Royal ni a gbá ní ọjọ́ kejì. Pápá mẹ́ta ni òun náà ní, a sì gbá èyí tí wọ́n ń pè ní Robber's Row. Ó dára, ó sì rọrùn. N kò ní ohun púpọ̀ í sọ nípa rẹ̀ ju pé òjò lé wa wọlé ní ihò kọkànlá.

ÈYÍ TÍ GBOGBO AYÉ MỌ̀

Ọjọ́ kẹta ni ti Harbour Town, nínú àgbègbè olódi tí wọ́n ń pè ní Sea Pines, ní orí ìka ẹsẹ̀ bàtà náà. Owó rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà nínú ọdún, ó ju 300 dọ́là lọ fún ẹnì kan láti gbá ihò 18 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Alhaji ṣírò rẹ̀ sí náírà, ó tún ṣírò rẹ̀ sí àńkárà, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wí pé, "Tíṣà, a ti dé ibí ná." Àwọn pápá yòókù dínwó ju èyí lọ dáadáa, bí ẹ bá sì lè dúró di ọ̀sán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa yọ nínú owó wọn. Ẹ kò ní láti ru àpò ọ̀pá láti Ìkẹjà, wọ́n ń yá ènìyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú ẹ̀wù ọlọ́rùn dání, nítorí pé wọn kì í gba ẹni tí ó bá wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ láyè.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Pete Dye ni ó ya Harbour Town, Jack Nicklaus tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú eré náà sì ràn án lọ́wọ́. Ní 1969 ni wọ́n ṣí i. Ní ìgbà náà, pápá tí ó gùn gbọọrọ, tí gíríìnì rẹ̀ fẹ̀ bí ọjà, ni gbogbo Amẹ́ríkà ń fẹ́. Dye ṣe òdìkejì. Ó jẹ́ kí ọ̀nà rẹ̀ há, ó jẹ́ kí gíríìnì rẹ̀ kéré, ó sì fi igi sílẹ̀ níbi tí ẹlòmíràn ìbá ti gé e. Ènìyàn lè gbá bọ́ọ̀lù sí àárín ọ̀nà gan-an, kí ó sì bá ẹ̀ka igi níwájú rẹ̀, nítorí pé apá ọ̀tún ọ̀nà náà ni ó yẹ kí ó wà. Agbára kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀, àfi ọgbọ́n. Ihò kẹtàlá, níbi tí kòtò yanrìn yí gíríìnì ká, tí wọ́n sì fi pákó gbé etí rẹ̀ ró, Alice ìyàwó Dye ni wọ́n sọ pé ó gbé e kalẹ̀.

Ní November ọdún 1969 kan náà ni wọ́n ṣe ìdíje àkọ́kọ́ níbẹ̀. Arnold Palmer, tí ó ti lé ní ọdún kan tí kò borí nínú ìdíje kankan, ni ó gbà á, orúkọ pápá tuntun náà sì kàn káàkiri. Oṣù April ni wọ́n ń ṣe é báyìí. Ẹni tí ó bá borí ni wọ́n ń wọ kóòtù onílà lóròó àti ní ìbú fún. Ìtàn tí ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ọmọ England kan, Matt Fitzpatrick. Láti ìgbà tí ó wà ní kékeré ni àwọn òbí rẹ̀ ti máa ń mú un wá lo ìsinmi ní Hilton Head. Ní April 2023, ó padà wá, ó sì borí Jordan Spieth lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti ta ọ̀mì.

Ihò kejìdínlógún ni ẹ ti rí nínú àwòrán bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Omi òkun wà lápá òsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn gíríìnì, ilé ìmọ́lẹ̀ gíga kan dúró, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa àti funfun kùn ní ìlà ìlà. Kì í ṣe ìjọba ni ó kọ́ ọ. Charles Fraser, ẹni tí ó dá Sea Pines sílẹ̀, ni ó kọ́ ọ parí ní 1970 kí àlejò lè máa rí i láti ọ̀nà jíjìn. Alhaji gbá bọ́ọ̀lù kìíní sínú omi. Ó gbá èkejì, ó wọ koríko gíga. Nígbà tí ó wọ ihò nígbẹ̀yìn, ó na ìka sí ìwé mi.

"Tíṣà, kọ méje."

"Alhaji, mẹ́jọ ni."

"Méje ni mo kà."

"Èyí tí ó wọ omi náà wà nínú ìṣirò."

Ọkùnrin dúdú àgbàlagbà kan tí ó bá wa ru ọ̀pá láti ihò kìíní rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní mẹ́jọ ni. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọwọ́ hàn wá níbi kan láàrin àwọn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí ó wà lẹ́bàá pápá náà, pé àwọn ènìyàn òun wà níbẹ̀. A rò pé àwọn tí ń gbé inú ilé náà ni ó ń sọ. Àwọn òkú ni ó ń sọ.

AWỌN TÍ Ó NI ILẸ̀

Itẹ́ òkú kékeré kan wà lẹ́bàá ihò kejìdínlógún Harbour Town. Braddock Point ni wọ́n ń pè é. Àwọn Gullah ni wọ́n sin síbẹ̀, èyí ni àwọn ọmọ-ọmọ ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà wá sí àwọn erékùṣù wọ̀nyí. Oko òwú ni Hilton Head nígbà náà, òwú tí fọ́nrán rẹ̀ gùn tí ó sì ń dán bí sẹ́dà. Láti 1790 ni wọ́n ti ń rí i kórè dáadáa níbẹ̀. Alhaji, tí ó ti ta aṣọ fún ọdún pípẹ́, dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà tí ó gbọ́ èyí.

Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ní November 1861, àwọn ọmọ-ogun ìjọba àpapọ̀ gba erékùṣù náà, àwọn olóko sì sá lọ. Ní 1862, àwọn tí ó jẹ́ ẹrú ní àná tẹ ìlú tiwọn dó níbẹ̀, wọ́n pè é ní Mitchelville, wọ́n ń yan olórí tiwọn. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ èyí: ìlú àwọn tí òfin ti kọ̀ fún pé wọn kò gbọdọ̀ kọ́ ìwé kíkà yìí ṣe òfin pé gbogbo ọmọ láti ọdún 6 dé 15 gbọ́dọ̀ lọ sí ilé-ìwé. Lẹ́yìn ogun, púpọ̀ nínú wọn fi owó ara wọn ra ilẹ̀. Wọ́n gbin ẹ̀fọ́, wọ́n pa ẹja, wọ́n bímọ, wọ́n kú. Títí di nǹkan bí 1950, àwọn dúdú ni ó pọ̀ jù lórí erékùṣù náà, ọkọ̀ ojú omi nìkan sì ni a lè gbà débẹ̀.

Ní 1956, wọ́n ṣí afárá. Ní àkókò kan náà ni Fraser bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Sea Pines. Ilé dé, hòtẹ́ẹ̀lì dé, gọ́ọ̀fù dé, ọgbà sì yí wọn ká, a fi ẹnubodè àti olùṣọ́ sí i. Àlejò tí ó bá fẹ́ wọ Sea Pines yóò san owó díẹ̀ lórí mọ́tò rẹ̀. Ẹnubodè yìí náà ni ọmọ Gullah tí ó bá fẹ́ lọ kí òkú bàbá rẹ̀ yóò gbà kọjá. Títí di òní, ọ̀kan nínú àwọn àgbègbè olódi tí ó wà lórí erékùṣù náà ń jẹ́ Hilton Head Plantation, èyí tí í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pe oko ẹrú. N kò mọ ẹni tí ó rò pé orúkọ yẹn dára.

Ṣùgbọ́n báwo ni ilẹ̀ ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn? Àwọn mìíràn tà á fúnra wọn. Owó-orí ilẹ̀ lé àwọn mìíràn, nítorí pé bí hòtẹ́ẹ̀lì bá dìde lẹ́bàá yín, iye tí wọ́n ń ka ilẹ̀ yín sí yóò ga, owó-orí rẹ̀ yóò sì ga, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọ́ tí ẹ ń gbìn kò gbówó lórí ju ti àná lọ. Èyí tí ó mú Alhaji jókòó sílẹ̀ lórí koríko ni ti ilẹ̀ ẹbí.

Bàbá àgbà ra ilẹ̀, ó kú láìṣe ìwé ìhágún. Ilẹ̀ di ti gbogbo ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ti àwọn ọmọ-ọmọ, láìpín, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni lórí ìwé. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún ìran mẹ́ta, mẹ́rin, kò sì sí ìjà. Ṣùgbọ́n lójú òfin wọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn lè ta ìpín tirẹ̀. Ẹnì kan tí ń gbé ní New York, tí kò tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà rí, lè tà á fún ilé-iṣẹ́ kan. Ilé-iṣẹ́ náà ti di ọmọ ẹbí nìyẹn. Yóò lọ sí kóòtù, yóò ní kí a pín ilẹ̀. Bí adájọ́ bá rí i pé kò ṣeé pín, yóò ní kí wọ́n ta gbogbo rẹ̀, kí wọ́n pín owó. Ta ni yóò sì rà á, bí kò ṣe ilé-iṣẹ́ tí ó ní owó? Ní 2016 ni South Carolina tó ṣe òfin tí ó fún àwọn ẹbí láǹfààní láti kọ́kọ́ ra ìpín ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n tà á. Orúkọ Clementa Pinckney, aṣòfin àti pásítọ̀ tí wọ́n pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Charleston ní 2015, ni wọ́n fi sọ òfin náà. Fún ọ̀pọ̀ ẹbí, ó pẹ́ jù.

Ìjà náà kò sì tíì tán. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń kọ́lé gbé ìyá àgbà ẹni ọdún 93 kan lọ sí kóòtù lórí Hilton Head, pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ wọ ilẹ̀ àwọn. Ìyá náà kọ̀, ó ní ilẹ̀ tí ẹbí ọkọ òun ti ní láti ìgbà ogun abẹ́lé ni. Àwọn ènìyàn ńláńlá láti ibi gbogbo ní Amẹ́ríkà gbè sẹ́yìn rẹ̀. Ó kú ní January 2024. Ní ọdún náà ni wọ́n yanjú ẹjọ́, ilẹ̀ sì kù sọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọkùnrin tí ó ru ọ̀pá fún wa béèrè ibi tí a ti wá. Nígbà tí Alhaji dárúkọ Ìbàdàn, mo rántí ohun kan, mo sì sọ ọ́ fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n dúdú kan, Lorenzo Dow Turner, ni ó fi hàn nínú ìwé tí ó ṣe ní 1949 pé èdè Gullah kún fún ọ̀rọ̀ àti orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn tí ó ti inú èdè Yorùbá wá wà nínú wọn. Ní 1951, Turner wá sí University College, Ìbàdàn, láti kọ́ni àti láti ṣe ìwádìí. Ọkùnrin náà ní òun kò gbọ́ ti Turner rí, ṣùgbọ́n òun mọ Ọ̀yọ́túnjí. Àwa náà lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ní Sheldon ni ó wà, nínú kọ́ńtì Beaufort kan náà tí Hilton Head wà. Ọba Ẹfúntọ́lá Adéfúnmi, tí wọ́n bí ní Detroit, ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní 1970, Ọọ̀ni Síjúwadé sì fi í jẹ ọba ní Ifẹ̀ ní 1981. Àwọn Gullah kọ́ ni wọ́n dá a sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo bí ó ti rí láti kúrò níbi pápá gọ́ọ̀fù, kí ẹ wa mọ́tò bí wákàtí kan, kí ẹ sì bá ojúbọ Ṣàngó lábẹ́ igi South Carolina.

Alhaji kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú mọ́tò nígbà tí a ń padà. Ó ń fi ìka ka nǹkan lórí orúnkún rẹ̀. Mo rò pé iye bọ́ọ̀lù tí ó sọ nù ni ó ń kà, títí mo fi gbọ́ orúkọ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n lọ́dọ̀ bàbá wọn. Mẹ́rin ti kú, wọ́n sì fi ọmọ sílẹ̀. Méjì wà ní London. Ọ̀kan wà ní Kánádà tí kò wálé fún ogún ọdún. Bàbá wọn sì fi ilẹ̀ ńlá kan sílẹ̀ ní ìta Ìbàdàn, tí ọ̀nà tuntun ti fẹ́ kàn báyìí.

Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. Ilẹ̀ ti ṣú ní Ìbàdàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé mo jí yín. Ìwé ilẹ̀ Bàbá, ọwọ́ ta ni ó wà?"

A gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n láti inú fóònù, pẹ̀lú oorun lójú:

"Ìwé wo?"